Ta Ló Kọ Orin Yìí?

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, eré kan wà tí àwa ọmọ ilé máa ń fi rédíò ṣe. Bí orin bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹnì kan á pariwo pé, "Ta ló kọ orin yìí?" Ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ ló borí. Obey! Sunny! Àyìnlá! Bàámi á wà lórí àga wọn, wọ́n á máa fi ìwé ìròyìn lé eṣinṣin, wọn ò ní dá sí wa. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo rántí pé wọ́n dá sí i. Wọ́n ní, "Ẹni tó kọ ọ́ lẹ dárúkọ yẹn. Ta wá ló kọ ọ́?"

A bú sẹ́rìn-ín. A rò pé oorun ló ń kùn wọ́n. Ó gbà mí tó ogún ọdún kí n tó mọ ohun tí wọ́n bi wá.

Ẹ wo bí èdè wa ṣe rí. Kọ tí à ń fi ẹnu kọ àti kọ tí à ń fi gègé kọ, ohùn kan náà ni. Òótọ́ ni pé a lè sọ pé lágbájá ló dá orin sílẹ̀, tàbí pé òun ló hun ún, ṣùgbọ́n ẹ dúró ní ibùdókọ̀ kí ẹ bi èèyàn mẹ́wàá pé ta ló kọ orin tó ń dún nínú mọ́tò yẹn: orúkọ ẹni tó ń han gooro lẹ́nu ni gbogbo wọn máa dá. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Òun náà ló kọ ọ́. Ẹlòmíì tún kọ ọ́.

Bàámi ní àwo rẹ́kọ́ọ̀dù bí ogójì. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, àfi ẹni tó bá ti fọṣẹ fọwọ́. Kí wọ́n tó gbé àwo lé ẹ̀rọ, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lọ síbi fèrèsé, wọ́n á yí bébà róbótó àárín rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á máa kà á bí ẹni ń ka orúkọ lórí ìwé ilẹ̀. Orúkọ orin á wà níbẹ̀ gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀, nínú àkámọ́, orúkọ mìíràn á wà, tó tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà. Ojú mi kì í tó o. Mo rò pé orúkọ ẹni tó ṣe bébà náà ni.

Ìgbà tí mo ń ṣe agùnbánirọ̀ ni mo padà síbi àkámọ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ kan tí a jọ ń gbé yá mi ní síìdì ẹgbẹ́ olórin Santana, èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1969. Orin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "Jingo". Ìlù, dùùrù, gìtá tó ń ké bí ológbò ebi ń pa. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá, mo sì ti fún Mẹ́síkò, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Carlos Santana. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo tan fìtílà, mo yọ ìwé pẹlẹbẹ inú páálí, mo ń kà á nítorí pé n ò rí nǹkan mìíràn ṣe. Nínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Jingo", mo rí Olatunji.

Mo tún un kà. Mo gbé fìtílà sún mọ́ ọn.

Ọmọ Àjídò ni Bàbátúndé Ọlátúnjí, lẹ́bàá Àgbádárìgì. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1950, ó lọ kàwé ní Morehouse College ní Atlanta. Ẹni tó fẹ́ di aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè ni, ìlù ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1960 ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo rẹ̀ *Drums of Passion* jáde. "Jin-Go-Lo-Ba" wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni "Akiwowo", "Kiyakiya", "Odun De! Odun De!", "Oyin Momo Ado" àti "Shango". Gbogbo rẹ̀ Yorùbá, pẹ̀lú ohùn ègbè àwọn obìnrin, ní àárín New York. John Coltrane, olórin jáàsì, fi orúkọ Ọlátúnjí sọ orin kan, ilé àṣà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem ni Coltrane sì ti ṣeré ní April 1967, oṣù díẹ̀ kó tó kú. Èmi tí mo dàgbà sí Ìbàdàn, inú ìwé síìdì ẹni ẹlẹ́ni ni mo ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Bí kì í bá ṣe àkámọ́ yẹn, bóyá títí di òní ni mo ṣì máa máa fún Mẹ́síkò.

Láti ìgbà náà ni mo ti di ẹni tó ń ka ẹ̀yìn páálí. Ìyàwó mi ní àìsàn ni.

Ẹni tó bá ń ka ẹ̀yìn páálí, kò ní pẹ́ kó tó pàdé páálí tí kò sọ òótọ́. Ní 1964, Serge Gainsbourg, olórin Faransé tí wọ́n ń wárí fún dòní, gbé àwo kan jáde tó pè ní *Gainsbourg Percussions*. Tí ẹ bá ti gbọ́ *Drums of Passion* rí, orí yín á wú. Orin rẹ̀ "Marabout" ni "Jin-Go-Lo-Ba". "Joanna" ni "Kiyakiya". "New York U.S.A." ni "Akiwowo". Ìlù kan náà, ègbè kan náà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nìkan ló di Faransé. "Akiwowo" jẹ́ orin ẹni tó ń bá ọlọ́kọ̀ ojú irin sọ̀rọ̀. Lọ́wọ́ Gainsbourg, ó di orin ẹni tó ń ka àwọn ilé gogoro New York lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń kígbe pé wọ́n mà ga o. Nígbà tí àwo náà jáde, orúkọ Gainsbourg nìkan ló wà lábẹ́ wọn. Nínú àwo kan náà, ó mú orin kan ti Miriam Makeba, akọrin ará South Africa, ó sọ ọ́ di "Pauvre Lola". Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni Ọlátúnjí tó gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n tó wá àyè fún orúkọ rẹ̀.

Mo fẹ́ràn àwo Gainsbourg yẹn, ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ó dára. Ọkùnrin náà gbọ́ ohun tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ò tíì gbọ́, ó sì mọ ohun tó lè fi ṣe. Kí ló ná an láti kọ ọ̀rọ̀ kan péré sínú àkámọ́?

Ó ná an lówó, ìyẹn ni ìdáhùn. Àkámọ́ yẹn ni àdírẹ́sì tí owó ń tọ̀ délé. Ní Amẹ́ríkà, láti 1909 ni òfin ti sọ pé bí wọ́n bá ti gba orin kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àṣẹ olóhun, ẹnikẹ́ni lè tún un kọ láìbẹ olóhun mọ́, bó bá ṣáà ti san iye tí ìjọba dá. Sẹ́ǹtì méjì ni lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan nígbà náà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 1978. Ní 2023 ó ti di sẹ́ǹtì 12. Ó dà bí ohun yẹpẹrẹ, àfi tí àwo bá tà. Ọ̀kẹ́ márùn-ún ẹ̀dà, ìyẹn 100,000, ẹgbẹ̀rún 12 dọ́là nìyẹn lórí orin kan ṣoṣo fún ẹni tó wà nílé rẹ̀ tó ń sùn, bí orúkọ rẹ̀ bá ṣáà wà lórí bébà.

Tito Puente, olórin Amẹ́ríkà kan, máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín. Òun ló kọ "Oye Como Va", ó gbé e jáde ní 1962. Santana tún un kọ ní 1970, òkìkí rẹ̀ sì kàn kọjá ti àtijọ́. Bí Puente bá wá ń ṣeré níbì kan, àwọn èèyàn á ní kó bá àwọn lu orin Santana yẹn. Ó ní inú máa ń bí òun, àfi ọjọ́ tí ṣẹ́ẹ̀kì àkọ́kọ́ dé. Láti ọjọ́ náà, orin Santana ni o, kò burú.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní ìsàlẹ̀, ṣá. Ìró tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ "Oye Como Va", tó ń yí po, tó ń yí po, inú "Chanchullo" ló ti wá, orin tí Israel López tí wọ́n ń pè ní Cachao ṣe ní Kúbà ní 1957. Ẹ wo inú àkámọ́ "Oye Como Va": Puente nìkan ni.

Síbẹ̀, ẹni tó jalè tó fi orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, a rí ẹni tí a máa dì mú. Ọ̀rọ̀ kan wà tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, "Trad.", ìkékúrú tí wọ́n fi ń sọ pé ìbílẹ̀ ni orin, pé kò lólóhun. Obìnrin kan wà ní Kalifọ́níà, Anne Bredon, tó kọ "Babe I'm Gonna Leave You" ní ìparí àwọn ọdún 1950. Orin náà ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu títí ó fi dé ọ̀dọ̀ akọrin Joan Baez, ẹni tó gbà á sílẹ̀ ní 1962, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé ìbílẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ olórin Led Zeppelin gbọ́ ọ nínú àwo Baez, wọ́n tún un kọ ní 1969, wọ́n kọ Trad. síbẹ̀, wọ́n fi orúkọ Jimmy Page, atagìtá wọn, tì í gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tò ó. Gbogbo ìgbà tí àwo náà ń tà káàkiri ayé, obìnrin tí wọ́n pè ní ìbílẹ̀ wà láàyè, ó ń ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un. Àwọn àwo tí wọ́n tẹ̀ láti 1990 ni orúkọ rẹ̀ wà nínú wọn.

Ti ẹgbẹ́ Animals tiẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n kọ "House of the Rising Sun" ní 1964, orin tó pẹ́ lóòótọ́, àwọn márààrún ni wọ́n jọ tò ó, orúkọ Alan Price nìkan ló bọ́ sórí bébà àwo. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn yòókù ni pé àyè ò gba orúkọ márùn-ún. Owó náà ò sì ráyè gbà wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹni tí Trad. ṣe lọ́ṣẹ́ jù lọ tí mo mọ̀ ni Solomon Linda. Ní Johannesburg, ní 1939, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Original Evening Birds, kọ "Mbube" nílé-iṣẹ́ Gallo. Kìnnìún ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ ní èdè Zulu. Ó gba ṣílè mẹ́wàá, ó fi ẹ̀tọ́ orin náà sílẹ̀. Àwo náà dé ọwọ́ Pete Seeger, olórin kan ní Amẹ́ríkà. Kò gbọ́ Zulu, etí rẹ̀ sọ "uyimbube" di "wimoweh", ó sì rò pé orin àtayébáyé ni. Ẹgbẹ́ rẹ̀, the Weavers, gbà á sílẹ̀. Ẹ wá wo orúkọ tó wà nínú àkámọ́ nígbà tí àwo wọn jáde: Paul Campbell. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí àwọn àti ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó orin wọn hun ni, kí owó orin tí kò lólóhun lè ní ibi tó máa gbà wọlé. Ẹni tí kò sí láyé ló ń gba owó ẹni tó ń gbá ilẹ̀ ní Gallo, torí ibẹ̀ náà ni Linda ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1961 ẹgbẹ́ the Tokens sọ ọ́ di "The Lion Sleeps Tonight", ó gba ayé kan. Linda kú ní 1962 nínú òṣì. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló padà lọ sí kóòtù, 2006 ni wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ náà ní ìtùnbí-ìnùbí.

Bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ Linda báyìí, inú á máa bí mi sí àwọn òyìnbó, ara á sì tù mí díẹ̀. Kò yẹ kó tù mí. Èmi náà ti tẹ Trad. rí.

2009 ni. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa fẹ́ ṣe síìdì, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, kọ̀ǹpútà sì wà nílé mi, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n tẹ ìwé inú páálí. Orin mọ́kànlá. Àwọn tó wà nínú ìwé orin, orúkọ wà lábẹ́ wọn, mo dà á kọ. Ó ku mẹ́ta tí a kàn ń kọ ṣáá, àwọn orin kúkurú tí a máa ń fi ṣe ọpẹ́. Mo bi olórí ẹgbẹ́ pé ta ló ni wọ́n. Wọ́n ní, "Orin Ọlọ́run ni, kò lólóhun." Mo ronú díẹ̀, mo tẹ "Orin ìbílẹ̀" sí abẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ náà wù mí. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé.

A tẹ 500. Nígbà tí a ń san owó, a san fún ẹni tó ta gìtá, a san fún ẹni tó gba ohùn sílẹ̀, a san fún ẹni tó ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí, níbi tí gbogbo wa ti rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ẹnì kan sọ pé kó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó sọ nígbà náà pé orin Ọlọ́run ni.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ìsìn ìkórè, màmá kan wá bá mi níta. Ìjọ mìíràn ni wọ́n ti wá, ní apá Òkè-Àdó, ọmọ-ọmọ wọn sì dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Wọ́n mú síìdì wa jáde nínú báàgì. Ọmọ náà ṣí páálí, ó fi ìka sí orin keje.

"Kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn, ọmọ mi?"

"Orin ìbílẹ̀ ni, mà."

"Èmi ni ìbílẹ̀ yẹn o."

Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ fún mi, níbẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn èèyàn ń kó iṣu ìkórè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ohùn wọn ti há. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà mẹ́rin kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í kọ, èyí tí kò dé ọ̀dọ̀ wa, ìgbà tí mo gbọ́ wọn ni ìtumọ̀ ìlà tó gbẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ọdún púpọ̀ ni a ti ń kọ ìdáhùn sí ìbéèrè tí a ò gbọ́. Wọ́n ní 1974 ni orin náà wá sí àwọn lọ́kàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ àwọn àkọ́bí nílé ìwòsàn. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wọn gbà á, wọ́n gbé e lọ sí ìpàdé àgbègbè, ó sì di ti gbogbo ayé.

Wọn ò béèrè owó. Mo fi ọ̀rọ̀ owó lọ̀ wọ́n, ojú ń tì mí, wọ́n gbọn ọwọ́ dànù. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ọmọ-ọmọ wọn lè kà á níbẹ̀. Ó ti lọ sọ ní iléèwé pé ìyá àgbà òun ló ni orin síìdì yẹn, wọ́n sì pè é ní òpùrọ́.

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an láti ìgbà náà. Kì í ṣe pé a ò mọ bí a ṣe ń dárúkọ ẹni. Oníjàálá kan kì í bẹ̀rẹ̀ eré láìjúbà. Á júbà ilẹ̀, á júbà àgbà, á júbà ọ̀gá tó kọ́ ọ, á ní bí èkòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Tí a bá ní kí a tò ó sórí bébà, ìbà olórin mìíràn á gba ojú ìwé méjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní agbo ilé, kò sí ẹni tó nílò bébà. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ìyálé ilé kejì ló dá orin yẹn lọ́dún tí wọ́n kó ìyàwó kékeré wọlé, wọ́n tiẹ̀ mọ ẹni tó fi ń bú. Orin tí kì í kúrò ládùúgbò, àdúgbò ni ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Ìgbà tí àwo bá gbé e kúrò níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà, torí àwo a máa gbé ohùn lọ, a máa fi aládùúgbò sílẹ̀.

Ibi tí mo ti tún padà sọ́dọ̀ Ọlátúnjí nìyí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára àwọn orin *Drums of Passion*. Ẹni tó bá sì gbọ́ Yorùbá, tó gbọ́ "Odun De", tó gbọ́ "Shango", yóò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ní New York. Ẹnu ń bẹ lẹ́yìn ẹnu. N ò pè é lólè. Ó tò ó, ó fi tirẹ̀ kún un, ó sì sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ilé ni òun ti gbé e wá. Ká ní kò fi orúkọ síbẹ̀ rárá, Gainsbourg ì bá rí nǹkan wí, Santana ì bá sì san owó náà fún afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń wo àkámọ́ yẹn, mo máa ń fẹ́ kí Àjídò wà nínú rẹ̀.

Ó yani lẹ́nu pé òfin tiwa ti ro èyí. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá lo orin tàbí ìtàn àbáláyé nínú iṣẹ́ tó ń gbé jáde, kó dárúkọ àwùjọ tàbí ibi tó ti mú un. Ó wà nínú òfin àtijọ́, ó wà nínú tuntun tí ààrẹ fọwọ́ sí ní March 2023. Ẹ mú síìdì ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó wà nílé yín, kí ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí orúkọ ìlú kan ṣoṣo. Ní ti fóònù, láti 2018 ni Spotify ti ń fi orúkọ àwọn tó kọ orin hàn, tí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó tẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbọ́ orin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò tẹ ibẹ̀ rí. Nígbà tí mo fi hàn án, ó ní, "Bọ̀dá, ta ni wọ́n?"

A ṣì ní síìdì 212 nínú páálí lábẹ́ àga ẹgbẹ́ akọrin. Mo lọ tẹ bébà alẹ̀mọ́ kéékèèké, orúkọ màmá yẹn àti ọdún, àwa mẹ́ta sì jókòó ní ọ̀sán Sátidé, a ń lẹ̀ ẹ́ bo "Orin ìbílẹ̀". Àwọn kan wọ́. Mo gbé èyí tó dára jù lọ sí Òkè-Àdó. Màmá ní kí ọmọ náà kà á sókè. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó lọ bu omi fún mi.

Bí mo ṣe ń mu omi ni wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n apá kejì yẹn, ibi tí ẹ ti ń gbè é pé títí láé, kì í ṣe tèmi o. Ìyá Ìjẹ̀bú ló fi kún un, nínú ẹgbẹ́ wa. Wọ́n ti kú."

Mo bi wọ́n pé kí ni orúkọ Ìyá Ìjẹ̀bú gan-an. Wọ́n wo òkè àjà títí.

"Ìyá Ìjẹ̀bú ni gbogbo wa ń pè wọ́n."

Bébà alẹ̀mọ́ ti tán. Mo fi báírò kọ ọ́ sí èyí tó wà lọ́wọ́ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ màmá, nínú àkámọ́: àti Ìyá Ìjẹ̀bú. Nígbà tí mo délé, mo fa páálí yẹn jáde, mo bẹ̀rẹ̀ lórí 211 tó kù.